Ìdánwò Tí A Fẹ́ Kí Bàbá Yege

Imú ni bàbá mi fi ń ṣòwò. Ní ìsọ̀ rẹ̀ ní Sábó, ní Ṣàgámù, àga onígi kan ló wà níbẹ̀, àwọn agbọ̀n tí a fi ewé tẹ́ nínú, àti Bíbélì kékeré kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti pọ́n nítorí ọwọ́ tó ń bó obì. Àwọn àgbẹ̀ láti abúlé wa gbogbo a máa kó gbànja wá bá a, àwọn oníṣòwò òkè Ọya a sì máa rà á. Òun ló wà láàárín wọn. Kò lówó tó àwọn tó ń tà, kò lówó tó àwọn tó ń rà, ṣùgbọ́n bí ó bá ti tẹ orí sí agbọ̀n kan, ó lè sọ bóyá obì inú rẹ̀ yóò dé Kánò láìbàjẹ́.

Obì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bó, tí a sì fọ̀, omi wà lára rẹ̀. Inú agbọ̀n ni a ń fi í sí kí omi náà lè jáde. Bí a bá tètè dì í, yóò jẹrà lójú ọ̀nà. Bí a bá pẹ́ jù, yóò gbẹ. Àkókò tó wà láàárín méjèèjì ni bàbá mi mọ̀. Yóò mú obì kan, yóò fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, yóò gbé e sí imú.

"Bàbá Góòrò, ó ti tó?" Alájì kan tó ti ń bá a ṣòwò láti ìgbà tí mo wà lọ́mọdé ló máa ń béèrè bẹ́ẹ̀; góòrò ni àwọn Haúsá ń pe obì.

"Kò tíì tó. Ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀."

Alájì á fi í sílẹ̀. Wọn kì í bá a jiyàn.

Mo ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ nígbà tí jàm̀bá náà ṣẹlẹ̀. Ní àárọ̀ kan nígbà òjò, ọkọ̀ tí bàbá mi wọ̀ láti Ìkẹ́nnẹ́, ìlú wa, lọ sí Ṣàgámù, yọ̀ kúrò lójú títì, ó dojú dé sínú kòtò. Kò sí ẹni tó kú. Ògo ni fún Ọlọ́run. Àwọn mìíràn kán lápá, àwọn mìíràn bó lára. Bàbá mi nìkan ni kò mọ ibi tí ó wà fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Nígbà tó jí, tó rí ìyá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ohun àkọ́kọ́ tó sọ ni, "Tísà, a dúpẹ́."

Tísà ni ó máa ń pe ìyá mi, nítorí pé olùkọ́ ni ní ilé-ìwé ìjọ wa. Èmi ni ó ń pè ní Yèyé mi, nítorí pé ìgbà tí ìyá rẹ̀ kú ni wọ́n bí mi.

Ọgbẹ́ orí rẹ̀ jinná, ìlà kékeré kan ló kù lókè etí. Ó rìn dáadáa, ó jẹun dáadáa, kò gbàgbé orin ìyìn kan ṣoṣo, ó sì ka Sáàmù ní àkọ́sórí. Nígbà tí a ṣe ìdúpẹ́ fún un ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó jáde síwájú nínú agbádá funfun, ó ní, "Ẹ̀yin ará, ẹ wò mí. Olúwa ti wò mí sàn pátápátá." Gbogbo ìjọ hó ìhó ayọ̀. Mo sunkún ní ọjọ́ náà. Mo ṣì gbàgbọ́ pé ohun tí a dúpẹ́ fún lọ́jọ́ náà yẹ fún ọpẹ́.

Ṣùgbọ́n ó padà sí Sábó, nǹkan kò sì rí bíi ti tẹ́lẹ̀.

Alájì gbé obì tí bàbá mi ní ó ti tó, ó sì padà wá pẹ̀lú ojú tó rẹ̀. "Bàbá Góòrò, ó kú sí ọ̀nà." Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín sí i, wọ́n ní ooru ọkọ̀ ni. Nígbà kejì, wọn kò rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn ìyẹn, Alájì á wá, á jókòó, á kí i, á béèrè àwọn ọmọ, á sì gba ìsọ̀ ẹlòmíràn lọ láti ra obì. Kò sí ẹni tó sọ fún bàbá mi pé obì rẹ̀ kò dára mọ́. Ó ń lọ sí ìsọ̀ láàárọ̀, ó ń bọ̀ nírọ̀lẹ́, agbọ̀n inú rẹ̀ sì ń ṣófo sí i.

Nílé náà, ohun kan ṣẹlẹ̀ tí ìyá mi bínú sí gidigidi. Ó gbé ìkọ́kọrẹ́ sórí iná, ó ní kí bàbá mi bá òun wò ó, ó sì lọ bá aládùúgbò kan ní ìta. Bàbá mi jókòó ti ààrò, ó ń ka Bíbélì. Ìkọ́kọrẹ́ jóná mọ́ ìsàlẹ̀ ìkòkò, gbogbo agbo ilé wa ló gbóòórùn rẹ̀. Nígbà tí ìyá mi sáré wọlé, bàbá mi gbójú sókè, ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i.

"Bàbá wọn! Ẹ jókòó tì í!"

"Tísà, ẹ má bínú. Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ló gbà mí lọ́kàn."

"Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ni ẹ ó jẹ lálẹ́ òní nìyẹn."

Ó jẹ èyí tó jóná náà láìráhùn. Ó tún ní ó dùn.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní ìjọ wa, tó jẹ́ lọ́yà, ló kọ́kọ́ sọ ọ́ jáde. Ó ní ọkọ̀ tó dojú dé náà ní ìnṣọ́ránsì, àti pé ẹni tí jàm̀bá bá ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ní ẹ̀tọ́ láti gba owó dípò ohun tí ì bá máa wọlé fún un. Bàbá mi kò fẹ́. "Mo ti dúpẹ́ níwájú ìjọ," ó ní. "Ṣé kí n tún wá lọ sọ níwájú adájọ́ pé Ọlọ́run kò wò mí?" Ṣùgbọ́n àwọn àbúrò mi ṣì wà ní ilé-ìwé, owó oṣù tísà kan ṣoṣo kò sì lè bọ́ gbogbo wa. Ìyá mi bẹ̀ ẹ́. Èmi náà bẹ̀ ẹ́. Ó gbà pé kí lọ́yà máa bá a lọ, ṣùgbọ́n kò gbà pé òun yóò sọ̀rọ̀ kankan lòdì sí ìwòsàn òun.

Ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì rán ọkùnrin kan wá sí Sábó láti wádìí. Mo wà ní ìsọ̀ ní ọjọ́ náà, mo wá gbé oúnjẹ fún bàbá mi. Ọkùnrin náà wọ ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ sánmà, ó sì ń kí gbogbo ènìyàn. Ó béèrè lọ́wọ́ obìnrin tí ìsọ̀ rẹ̀ kọjú sí ti bàbá mi bóyá ara bàbá ti le.

"Bàbá wa yìí?" obìnrin náà ní. "Ara rẹ̀ le ju tèmi lọ! Kò sí ohun tó ṣe é rárá."

"Ṣé ó ṣì ń dá obì mọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀?"

"Ó tún wá mọ̀ ọ́n sí i!"

Ó béèrè lọ́wọ́ Alájì. Alájì na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ní, "Wallahi, Bàbá Góòrò, àfi òun!" Bẹ́ẹ̀, Alájì kò tíì ra obì lọ́wọ́ rẹ̀ láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Kò sí ọmọ Rẹ́mọ kan, kò sì sí ẹni tó ti bá wọn gbé pẹ́, tí yóò sọ fún àlejò tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì sánmà pé orí ẹni tí òun bọ̀wọ̀ fún kò pé. Gbogbo wọn ló fẹ́ràn bàbá mi. Ìfẹ́ náà ni ọkùnrin náà gbé lọ sí Èkó.

Lọ́yà wa wá sílé, ó fọwọ́ lérán. Ó ní àwọn ti ìnṣọ́ránsì ti gbọ́ nípa ìdúpẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì pàápàá. Ó ní ohun kan ṣoṣo ló kù: dókítà kan wà ní Ìbàdàn, tí kì í fúnni lóògùn, tí kì í gúnni lábẹ́rẹ́, àyẹ̀wò ni ó fi ń mọ bí ọpọlọ ẹni ṣe ń ṣiṣẹ́. Ohun tí ó bá kọ sílẹ̀ ni adájọ́ yóò wò. "Wọn yóò bi í ní ọjọ́ àti oṣù, wọn yóò ní kó ka nǹkan sẹ́yìn, irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ìdánwò ni." Ó dìde, ó lọ.

Kò yẹ kó lo ọ̀rọ̀ náà ní ilé wa. Ìyá mi ti ń múra ọmọ sílẹ̀ fún ìdánwò láti ìgbà tó ti kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́. Ní Ìkẹ́nnẹ́ wa, bí a bá ti gbọ́ ìdánwò, ohun kan ṣoṣo ni à ń bẹ Ọlọ́run fún. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an, ó gbé pátákó kékeré jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì wá ẹfun.

"Láti ogún wá sí oókan, Bàbá wọn."

"Tísà, bí mo bá ṣì í, ṣé ẹ ó nà mí?"

"Màá ní kí ẹ kúnlẹ̀ kí ẹ gbé apá sókè."

Bàbá mi rẹ́rìn-ín, ó bẹ̀rẹ̀. Ó ń tàsé, ó ń padà, ìyá mi ń dúró dè é pẹ̀lú sùúrù tó ń lò fún àwọn ọmọ kíláàsì kìíní. Ọjọ́ wo ni òní? Oṣù wo? Ta ni gómìnà? Katikísì ìjọ wa náà wá, ó ń bi í ní ìbéèrè lójijì láti ojú fèrèsé. Èmi ni mo ń kọ́ ọ ní kíka nọ́mbà sẹ́yìn. Ìyàwó aládùúgbò wa dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò wá.

"Tísà, ẹ mà rọra o. Wọ́n ní dókítà yẹn, bí èèyàn bá ti jókòó báyìí, ó ti mọ iye ìgbà tó bú ìyá ọkọ rẹ̀."

"Ẹ̀yin kọ́ ni wọ́n pè," ìyá mi ní. "Ká ní ẹ̀yin ni, ilẹ̀ ì bá ti ṣú kó tó kà á tán."

Ní alẹ́ tó ṣáájú ìrìnàjò, katikísì gbàdúrà kí bàbá mi jẹ́ orí, kó má ṣe jẹ́ ìrù. A ṣe àmín kíkan kíkan. Kò sí ẹnì kan nínú wa tó rò ó pé bí ó bá yege, ìnṣọ́ránsì ló yege, àti pé ìsọ̀ tó ń ṣófo ní Sábó ni yóò padà sí, láìsí ìrànlọ́wọ́ kankan.

Ní Ìbàdàn, ìyá mi jókòó sórí bẹ́ńṣì lẹ́yìn ilẹ̀kùn pẹ̀lú ìwé Sáàmù. Bàbá mi kọ̀ láti dá wọlé. "Yèyé mi yóò bá mi wọlé," ó ní, dókítà náà sì gbà, ó ní kí n jókòó sí igun kan, kí n má sọ̀rọ̀. Obìnrin ni. Ó ga, ó wọ ìgò ojú, ohùn Èkìtì wà lẹ́nu rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀ kí bàbá mi, ara bàbá mi sì balẹ̀.

Ó bi í ní ọjọ́. Bàbá mi sọ ọ́. Ó bi í ní oṣù àti gómìnà. Ó sọ wọ́n, ó tún fi orúkọ ọba kún un láìjẹ́ pé wọ́n bi í. Ó ka ogún sẹ́yìn bí omi tó ń ṣàn. Ní igun ibi tí mo wà, mo fẹ́ pàtẹ́wọ́.

Dókítà yọ ìgò ojú rẹ̀. "Bàbá, ta ló kọ́ yín?"

"Ìyàwó mi ni. Tísà ni."

"Ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ o," dókítà ní. Ó ti ìwé ìbéèrè tó wà níwájú rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó fa dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ̀, ó kó àwọn káàdì kan jáde.

Àwòrán wà lára àwọn káàdì náà: ìràwọ̀, àgbélébùú, òbírípo, ní àwọ̀ oríṣiríṣi. Ó ní kí bàbá mi máa pín wọn sí ọ̀wọ́ ọ̀wọ́. Òun kò ní sọ bí yóò ṣe pín wọn, kìkì pé òun yóò máa sọ bóyá ó tọ́ tàbí kò tọ́. Bàbá mi gba àgbélébùú àkọ́kọ́, ó yin Jésù, ó bẹ̀rẹ̀. Pupa sí ọ̀dọ̀ pupa, bí ó ṣe máa ń ṣa obì pupa kúrò lára obì funfun. "Ó tọ́," dókítà ń sọ. "Ó tọ́. Ó tọ́." Ọwọ́ rẹ̀ ń yá. Mo rí bàbá mi ti Sábó, ti àtijọ́.

Lẹ́yìn náà, dókítà yí i padà láìsọ fún un. "Kò tọ́," ó ní.

Bàbá mi dúró. Ó wo káàdì náà. Ó tún fi pupa sí ọ̀dọ̀ pupa.

"Kò tọ́."

Èmi ti rí i láti igun mi pé àwòrán ló kù kí ó tẹ̀ lé, kì í ṣe àwọ̀ mọ́. Bàbá mi kò rí i. Ó ń fi pupa sí ọ̀dọ̀ pupa, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, bí ẹni tó rò pé dókítà kò tíì wò ó dáadáa. Òógùn yọ sí i níwájú orí. Níkẹyìn ó gbé káàdì kan sókè, ó fi hàn án. "Dókítà, ẹ wò ó. Pupa ni."

"Mo rí i, Bàbá. Ó ti tó. Ẹ kú iṣẹ́."

Ó fún un ní omi. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè nípa ara rẹ̀. Ṣé orí ń fọ́ ọ? Bàbá mi ní, "A dúpẹ́." Ṣé ó ń gbàgbé nǹkan? "Ọlọ́run ń ṣe é." Ṣé iṣẹ́ rẹ̀ ń lọ bíi ti tẹ́lẹ̀? "A kò ráhùn." Dókítà kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀, ó dá kíkọ dúró. Ó fi bírò sílẹ̀.

"Bàbá, ìyá mi náà kì í ráhùn. Ó ní ẹni tó bá ráhùn, ó ń kọ́ ayé ní bí wọn yóò ṣe ṣe òun ni. Ẹ jẹ́ ká fi ìbéèrè sílẹ̀. Ẹ wulẹ̀ sọ fún mi, láti ìgbà tí ẹ ti jí, kí ni ẹ ń dúpẹ́ fún?"

Ojú bàbá mi là. Wọ́n ti bi í ní ohun tó mọ̀.

"Há, ó pọ̀ o. Mo dúpẹ́ fún ìyàwó mi. Bí ó bá ní nǹkan méjì láti rán mi, ó máa ń rán mi ní ọ̀kan ná. Bí mo bá dé, á tún rán mi ní èkejì. Kì í jẹ́ kí àwọn ọmọ fura. Mo dúpẹ́ fún àwọn ará Sábó. Bí ẹni méjì bá ń bá mi sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà báyìí, ohùn wọn a dà bí òjò lórí páànù fún mi, mi ò ní mọ ohun tí ẹnikẹ́ni sọ. Ṣùgbọ́n wọn kò bú mi rí. Wọ́n á kí mi dáadáa, wọ́n á kọjá."

"Wọ́n á kọjá lọ síbo?"

"Sọ́dọ̀ àwọn tó mọ obì."

Bàbá mi yí kọ́ọ̀pù omi náà lọ́wọ́.

"Èmi náà mọ̀ ọ́n rí. Imú mi ni mo fi mọ̀ ọ́n. Láti ọjọ́ tí mo ti jí, mi ò gbóòórùn ohunkóhun. Mo lè fi obì jíjẹrà sí imú báyìí, bí òkúta ló rí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé Tísà kò mọ̀. Bí ó bá gbé ọbẹ̀ síwájú mi, màá ní òórùn rẹ̀ dé ojú pópó, inú rẹ̀ á sì dùn. Ìyẹn nìkan, mo dúpẹ́ púpọ̀ fún un."

Mo rántí ìkòkò ìkọ́kọrẹ́ tó jóná, àti bàbá mi tó jókòó tì í, tó ń rẹ́rìn-ín. Mo bo ojú mi. Dókítà ń kọ, kò gbójú sókè, ọwọ́ rẹ̀ ń sáré.

Kí a tó jáde, bàbá mi béèrè ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ láti Ìkẹ́nnẹ́ wá. "Dókítà, ohun tí mo sọ yìí, ṣé kì í ṣe pé mo ti pe Ọlọ́run ní òpùrọ́? Mo dúró níwájú ìjọ, mo ní Ó wò mí sàn pátápátá."

"Bàbá," ó ní, "ẹ kò sọ ọ̀rọ̀ kan lòdì sí I ní yàrá yìí. Ìdúpẹ́ lẹ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin."

Nígbà tí lọ́yà gbọ́ nípa pátákó àti ẹfun, ó di orí mú. "Ẹ kọ́ ọ! Tísà, ẹ kọ́ ọ!" Ìyá mi ní, "Kí ni ká ṣe? Ìwọ lo ní ìdánwò ni!" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ìyá mi. Ṣùgbọ́n dókítà ti kọ gbogbo rẹ̀, ti pátákó pẹ̀lú. Ó kọ ọ́ pé ohun tí a bá kọ́ ọkùnrin yìí ní ọ̀pọ̀ ìgbà yóò dúró lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n ọjà kì í kọ́ni ní ìbéèrè rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí lọ́yà àwọn ìnṣọ́ránsì sì mú ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì wá, lọ́yà wa ka ìdúpẹ́ ti Ìbàdàn sí i létí. Wọn kò jẹ́ kí ó dé ìdájọ́. Wọ́n gbà láti san owó náà.

Bàbá mi fi èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sí ilé-ìwé àwọn àbúrò mi, ó sì gba oko obì kékeré kan lẹ́yìn ìlú. Ó fi Sábó sílẹ̀ láìbínú. Alájì máa ń wá kí i lóko. "Igi kì í bi èèyàn ní ìbéèrè méjì lẹ́ẹ̀kan náà," bàbá mi máa ń sọ fún un.

Ní ìkórè ọdún náà, ó bẹ àyè láti sọ̀rọ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ó jáde síwájú nínú agbádá funfun kan náà. Ó ní, "Ẹ̀yin ará, mo ní Olúwa ti wò mí sàn pátápátá. Mo yára díẹ̀. Ó ń wò mí lọ́wọ́ ni. Ẹ bá mi dúpẹ́ fún ibi tí Ó dé." Ìjọ rẹ́rìn-ín, wọ́n sì hó ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Èmi ni mo sọ ọ̀rọ̀ imú náà fún ìyá mi, nígbà tí a dé láti Ìbàdàn. Ó lọ sí ilé ìdáná, ó pẹ́ níbẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ó gbé ìkọ́kọrẹ́ síwájú bàbá mi, kò sì dúró kí bàbá mi yìn ín. Ó jókòó tì í.

"Ẹja gbígbẹ wà nínú rẹ̀," ó ní. "Mo fi irú sí i. Epo rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Ìpẹ̀rú, òórùn rẹ̀ dà bíi ti ìgbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra."

Bàbá mi wò ó, ó wò mí, ó mọ̀. Ó bu òkèlè.

"Tísà," ó ní, "ẹ tún un sọ."

Láti ọjọ́ náà títí Olúwa fi pe ọ̀kan nínú wọn, mi ò rí i kí ìyá mi gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀ rí láìsọ fún un bí òórùn rẹ̀ ṣe rí.